Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ Sonnenstein Wò: Odi Àtijọ́ Tó Di Ilé Ìwòsàn ní Jámánì

Ní ìlú Pirna, ní apá ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Jámánì, òkè kan wà tó kọjú sí odò Elbe. Orí rẹ̀ ni Sonnenstein wà. Bí a bá tú orúkọ náà sí Yorùbá, "òkúta oòrùn" ni. Odi ni àwọn ará ayé àtijọ́ mọ síbẹ̀, ìwé tó sì kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1269. Ó di ibùdó ogun, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n, nígbà tó di 1811 ó di ilé ìwòsàn fún àwọn alárùn ọpọlọ, òkìkí rẹ̀ sì kàn kọjá ilẹ̀ Jámánì. Láti oṣù Kẹfà 1940 títí di oṣù Kẹjọ 1941, inú ọgbà kan náà ni ìjọba Hitler ti fi gáàsì pa aláìsàn àti aláàbọ̀ ara 13,720, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 1,000 tí wọ́n kó wá láti àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn alárùn ọpọlọ ni mò ń tọ́jú ní London. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Sonnenstein. Lẹ́ẹ̀kíní, mo lọ bí ẹni lọ wòran. Mo ya ògiri, mo ya odò, ìgbà tí mo máa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìrántí, wọ́n ti fẹ́ tì í, mo sì padà sí Dresden, ìlú ńlá tó wà nítòsí Pirna, láì fojú kan yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti fi gáàsì pa àwọn èèyàn náà. Ó dùn mí wọra. Lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ bí ẹni tó ń lọ bẹ aláìsàn wò. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ aláìsàn wò nílé wa: a máa ń béèrè orúkọ, a máa ń béèrè wọ́ọ̀dù, a kì í sáré wọlé ká tún sáré jáde, a kì í sì í pariwo lórí ẹni tó ń jẹ̀rora. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ kọ́kọ́ mú orúkọ ẹnì kan. Kí ẹ tó wá tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó wá òtẹ́ẹ̀lì, ẹ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ aláìsàn kankan á kàn máa wo ògiri ni, ògiri kì í sì í sọ̀rọ̀.

Ẹni tí èmi mú ni Elfriede Lohse-Wächtler. Ayàwòrán ni, Dresden ni wọ́n bí i sí ní 1899. Ní 1929 ọkàn rẹ̀ dàrú, wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ní Hamburg. Níbẹ̀, ó ń ya ojú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gba ìtọ́jú. Ẹ wá àwọn àwòrán yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, ẹ sì wò wọ́n dáadáa. Èmi tí mò ń ti wọ́ọ̀dù bọ̀ lójoojúmọ́, mo dá ojú wọ̀nyẹn mọ̀: ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó jókòó tí kò retí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó yà wọ́n láì fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí pé ọ̀kan lára wọn ni òun náà. Ní 1932 wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Arnsdorf lẹ́bàá Dresden. Ní 1935 ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fi tipátipá ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má lè bímọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1940 wọ́n pa á ní Sonnenstein. Ẹni ọdún 40 ni.

Ẹ kọ orúkọ tí ẹ bá mú sórí ìwé kékeré, kí ẹ fi sápò. Má kàn fi sínú fóònù. Fóònù lè kú, ìwé kì í kú.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìrìnnà. Ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣílẹ̀kùn Jámánì fún un. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí pé ọjọ́ ìpàdé fún físà kì í yá rí. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀, ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Bí ẹ bá dé Berlin, nǹkan bíi wákàtí méjì ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà dé Dresden. Láti Prague, wákàtí méjì ààbọ̀. Dresden ni kí ẹ sùn. Ìlú ńlá ni, ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ níbẹ̀ ju Pirna lọ.

Ẹ wo àkókò tí ilé ìrántí ń ṣí àti ìgbà tó ń tì lórí ìkànnì wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ gan-an, ẹ má fi ti ọdún tó kọjá ṣe ẹ̀rí. Orúkọ tí ẹ máa wá ni Gedenkstätte Pirna-Sonnenstein, àdírẹ́sì rẹ̀ sì ni Schlosspark 11. Owó kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá pọ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ kí ẹnì kan mú yín káàkiri, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, ẹ sì sọ èdè tí ẹ fẹ́. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára ògiri, nítorí náà ẹ gbé áàpù tó ń túmọ̀ èdè sórí fóònù, kí ẹ sì ti gba èdè Jámánì sílẹ̀ sínú rẹ̀ láti ilé. Ẹ má gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́ ilẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọdé: èmi ò ní mú ọmọ tí kò tí ì tó ọdún mẹ́rìnlá wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá mú ọmọ dání, kí ẹ̀yin àgbà méjì máa gbà á fún ara yín. Pápá àti ọgbà wà níta, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́.

Òwúrọ̀ ní Dresden

Kí ẹ tó wọkọ̀ lọ Pirna, bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ yà sí ilé àwòrán àwọn ọ̀gá àtijọ́ tó wà nínú ààfin Zwinger. Ayàwòrán ará Ítálì kan, Bernardo Bellotto, tí wọ́n tún ń pè ní Canaletto, ya Pirna àti odi Sonnenstein lóríṣiríṣi fún aláṣẹ Saxony, agbègbè tí Dresden àti Pirna wà, láàárín àwọn ọdún 1750 sí 1760. Ẹ máa rí odi náà lórí òkè, ògiri rẹ̀ nípọn, ìlú wà nísàlẹ̀, odò ń ṣàn, màlúù ń mu omi. Àlàáfíà ló kún inú rẹ̀. Ẹ fi àwòrán yẹn sọ́kàn, nítorí pé ẹ máa tún bá a pàdé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ti ilé àwòrán yẹn, ẹ fìyẹn sọ́kàn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, Hauptbahnhof, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin S1 tàbí S2 tó ń lọ Pirna. Ìrìn náà kò pé ìṣẹ́jú 30. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tó gba sóònù Dresden àti sóònù Pirna ni kí ẹ rà, kó lè gbé yín lọ kó sì gbé yín bọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní déètì lórí. Èyí tí kò bá ní, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹnu rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdókọ̀ kó lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá tíkẹ́ẹ̀tì aláìlóǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ máa san owó ìtanràn bí ẹni pé kò rà rárá. Ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà kọjá Pirna lè ra Sachsen-Ticket, èyí tó ń ṣiṣẹ́ jákèjádò Saxony lójúmọ́ kan, ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ jẹun kí ẹ tó gòkè. Ọjà àárín Pirna rẹwà, ilé oúnjẹ sì wà yí i ká. Mo ń sọ èyí torí pé lẹ́yìn tí ẹ bá jáde nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, oúnjẹ lè má wù yín mọ́. Bí ọjọ́ Àìkú bá ni, ẹ ra omi àti ìpanu láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Jámánì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ sì fi owó ẹyọ sápò fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Gígun òkè

Nínú ìlú náà, ẹ wolẹ̀. Ẹ máa rí àmì àgbélébùú kéékèèké aláwọ̀ tí wọ́n kùn sórí ilẹ̀ lójú ọ̀nà tó lọ sí òkè. Gbogbo wọn jẹ́ 14,751, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan tí wọ́n pa. Òjò àti bàtà máa ń pa wọ́n rẹ́, àwọn èèyàn a sì tún wọn kùn. Ìgbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ewé gbígbẹ ti bo ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta etí títì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá ewé náà kúrò. Ó ti ṣá, apá kan rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Obìnrin àgbà kan tó gbé àpò ọjà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró, ó mi orí sí mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ tẹ̀ lé àwọn àmì yìí. Wọ́n sàn ju máàpù fóònù lọ.

Àtẹ̀gùn ni ọ̀nà tó yá jù láti àárín ìlú dé orí òkè. Ó ga díẹ̀, ẹ wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀. Nígbà òtútù yìnyín lè wà lórí rẹ̀. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó wọ bọ́ọ̀sì ìlú tàbí takisí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó ṣe kókó ni kí ẹ dé òkè pẹ̀lú agbára lára, nítorí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé òkè, odi ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń gba ìwé mọ́tò, wọ́n ń gba ìwé àṣẹ. Ẹ má ti ilẹ̀kùn wọn wọlé bí ẹni pé mùsíọ́mù ni. Ẹ yí i ká lójú òde, ẹ wo bí ògiri ìsàlẹ̀ ṣe nípọn, kí ẹ sì dúró níbi tí ẹ ti lè rí odò àti òrùlé ìlú. Ibi tí Bellotto yà nìyẹn.

Odi tó di ilé ìwòsàn

Ibí ni kí ẹ ti dúró fi ara balẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré kọjá 1811 lọ sí 1940, wọn kì í sì í mọ ohun tó sọnù.

Ṣáájú 1811, ìlú Waldheim ni Saxony ń kó àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè sí. Inú ilé kan náà ni olè, tálákà àti aláìsàn ń gbé. Nígbà tí wọ́n wá ya aláìsàn sọ́tọ̀ tí wọ́n sì kó àwọn tí wọ́n gbà pé ó lè gbádùn wá sí Sonnenstein, ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n sọ: pé àìsàn ni èyí, pé àìsàn sì ní ìwòsàn. Dókítà tí wọ́n fi ṣe olórí ni Ernst Pienitz, ẹni tó ti lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Philippe Pinel, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, ní Paris. Ìtọ́jú rẹ̀ lékè ní ti ìgbà ayé rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́, ọgbà, ìwẹ̀, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó rán mi létí Aró ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní 1954, tí aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, dípò kí wọ́n tì í mọ́lé. Ọdún 143 ló wà láàárín méjèèjì, wọn ò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n rí: pé èèyàn ṣì ni aláìsàn.

Ní 1813, àwọn ọmọ ogun Faransé gba odi náà, wọ́n sì lé àwọn aláìsàn jáde. Odi ṣì ni lójú ogun. Lẹ́yìn ogun, àwọn aláìsàn padà wá.

Ẹnì kan wà tí ẹ lè mú orúkọ rẹ̀ bí ti Elfriede bá wúwo jù fún yín: Daniel Paul Schreber. Adájọ́ ni ní Dresden kí àìsàn tó mú un. Wọ́n gbé e wá sí Sonnenstein ní 1894. Ohùn ń bá a sọ̀rọ̀, ó gbà pé Ọlọ́run ń fi ìtànṣán fa ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó mọ òfin. Ó jókòó sínú ilé ìwòsàn yìí, ó kọ ẹjọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sí kóòtù gíga, ó ní òun lè ṣàìsàn kí òun sì ṣì ní ẹ̀tọ́ láti máa darí ayé òun. Ó jàre ní 1902, ó sì lọ sílé. Ní wọ́ọ̀dù wa, nígbàkígbà tí aláìsàn bá bi mí pé "Nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè pe lọ́yà?", orúkọ adájọ́ yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Nítorí náà, bí ẹ ti ń rìn nínú ọgbà láàárín àwọn ilé tí wọ́n kọ́ kún odi náà nígbà tí aláìsàn pọ̀, ẹ ronú nípa ọdún 128 tí ibí fi jẹ́ ilé ìwòsàn. Ara ẹnì kan yá níbí. Ẹnì kan gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbí.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀

Ilé ìrántí kò sí nínú odi gan-an. Ó wà nínú ọgbà lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí aláìsàn ọkùnrin ń gbé tẹ́lẹ̀. Èyí ni èmi kò mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mo fi ń yí odi ká títí ọjọ́ fi lọ. Ẹ yáa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí.

Ẹ kọ́kọ́ gòkè lọ síbi àfihàn, ẹ ka ìtàn níbẹ̀, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, yàrá òfìfo ni yóò rí. Ẹni tó bá ti kàwé, yóò mọ ibi tó dúró sí.

Ohun tí ẹ máa kà nìyí, ní ṣókí. Ní 1939 wọ́n ti ilé ìwòsàn Sonnenstein pa. Ní 1940 wọ́n yí àwọn ilé kan ká pẹ̀lú ògiri àti pákó gíga kí ará ìta má baà rí inú. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n kùn ojú fèrèsé rẹ̀ ń kó aláìsàn wá láti àwọn ilé ìtọ́jú tó wà ní Arnsdorf, Großschweidnitz, Waldheim àti Zschadraß. Àwọn tó kọ́kọ́ kú, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1940, Waldheim ni wọ́n ti wá, ibi kan náà tí wọ́n ti kó àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ wá wòsàn ní 1811. Dókítà á wò wọ́n fẹ́rẹ́, kó lè wá irọ́ tó máa kọ sínú ìwé ikú. Nọ́ọ̀sì á bọ́ aṣọ lára wọn. Wọ́n á ní kí wọ́n máa bọ̀ níbi ìwẹ̀, wọ́n á mú bí 20 sí 30 sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á sì ṣí gáàsì carbon monoxide. Lẹ́yìn èyí, iná ìléru méjì nínú yàrá kejì. Ìdílé á gba lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí orúkọ àìsàn inú rẹ̀ jẹ́ irọ́, tí ọjọ́ ikú jẹ́ irọ́, tí ibi ikú náà sì tún jẹ́ irọ́ nígbà mìíràn.

Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ báyìí. Ẹ pa fóònù mọ́ àpò. Yàrá náà kéré. Mo ti ń retí ibi ńlá tó ń dẹ́rù bani, ibi tí mo bá sì ni yàrá abẹ́ ilé lásán, irú èyí tí èèyàn ń kó igi ìdáná àti àga gbígbó sí. Àjà rẹ̀ kò ga. Mo dúró níbẹ̀ mo sì ronú sí gbólóhùn kan tí mo máa ń sọ lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó rẹ̀ tí kò fẹ́ dìde, mo máa bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú mi lè bá tirẹ̀ dọ́gba, mo máa ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀." Wọ́n máa ń fọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n máa ń gbà mí gbọ́. Irú gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi mú àwọn yìí sọ̀kalẹ̀. Mi ò lè kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àwòrán àti ìtàn ìgbésí ayé àwọn kan lára àwọn tó kú wà níbẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo wọn. Ẹ ka mẹ́ta dáadáa, kí ẹ sì pe orúkọ wọn jẹ́jẹ́. Bí ó bá di ẹkún, ẹ sun ún. Bí ó bá di pé èémí ń ṣe yín há, ẹ jáde. Kò sí ẹni tó máa bi yín léèrè. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń bá àìsàn ọpọlọ yí, tàbí tí ẹbí yín kan ń bá a yí, ẹ má dá lọ. Mú ọ̀rẹ́ dání.

Ẹ béèrè nípa àwọn tó ṣe é

Bí ẹ bá ní amọ̀nà, ẹ bi í nípa àwọn dókítà méjì. Mo tẹnu mọ́ èyí fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera.

Àkọ́kọ́ ni Paul Nitsche, olórí ilé ìwòsàn Sonnenstein láti 1928 títí di 1939. Àwọn èèyàn ti yìn ín tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtúnṣe ìtọ́jú. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé oúnjẹ àwọn aláìsàn ní 1936, òun ló sì wá di ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ètò ìpakúpa náà. Ilé ẹjọ́ ní Dresden dá a lẹ́bi ní 1947, wọ́n sì pa á ní oṣù Kẹta 1948. Wọ́n dájọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú nínú ẹjọ́ yẹn.

Èkejì ni Horst Schumann, dókítà tó ń darí Sonnenstein nígbà tí gáàsì bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Auschwitz, ó ń fi èèyàn ṣe àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe lè sọ wọ́n di aláìlèbímọ. Lẹ́yìn ogun ó sá. Ó ṣe dókítà ní Sudan, lẹ́yìn náà ó wá sí Gánà, ó ń darí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ilẹ̀ Aláwọ̀dúdú, nítòsí ilé wa! Àwọn ìyá gbé ọmọ wọn lọ bá a. Ó di 1966, lẹ́yìn tí ìjọba Nkrumah ṣubú, kí Gánà tó fà á lé Jámánì lọ́wọ́. Ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, wọ́n dá a dúró torí pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1972. Ìlú Frankfurt ló kú sí ní 1983. Inú máa ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti fi àánú hàn sí àìlera rẹ̀.

Ẹ tún béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìrántí yìí. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe oríṣiríṣi nǹkan, títí kan ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù, àwọn èèyàn ìlú kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Pirna fúnra wọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1991 láti jà fún ìrántí. Láàárín 1992 sí 1994 ni wọ́n hú yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà jáde.

Bí ẹ bá jáde

Lẹ́yìn ilé náà, ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́nà odò Elbe. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da eérú àwọn òkú sí lóru. Igi ti hù. Ibi tó kù tí ẹ ti máa ṣe àbẹ̀wò gan-an nìyí, nítorí náà ẹ má yára. Èmi yọ ìwé mi jáde, mo ka orúkọ Elfriede Lohse-Wächtler sókè, mo ní "Ẹ kú ìrora, Mà." Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Bí ẹ ti ń padà lọ sínú ìlú, ẹ máa rí pátákó tí ayàwòrán Heike Ponwitz ṣe, 16 ni wọ́n, wọ́n pín káàkiri Pirna. Àwòrán odi tí Bellotto yà ló wà lórí wọn, èyí tí ẹ rí láàárọ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn tí àwọn apààyàn ń lò sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fún pátákó kan. Ẹ kà á. Màlúù inú àwòrán ṣì ń mu omi.

Ẹ má ṣètò nǹkan mìíràn fún ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ẹ pe ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ sì tètè sùn.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì

Colditz ni kí ẹ lọ. Odi ayé àtijọ́ ni òun náà, lórí òkè lẹ́bàá odò Mulde, láàárín Leipzig, Chemnitz àti Dresden. Láti 1829 títí di 1924, ibẹ̀ ni Saxony ń kó àwọn aláìsàn tí wọ́n sọ pé kò lè gbádùn mọ́ sí, nígbà tí àwọn tí wọ́n ní ó lè gbádùn ń lọ Sonnenstein. Ludwig, ọmọ Robert Schumann tó ń kọ orin (kì í ṣe ẹbí dókítà yẹn), kú síbẹ̀ ní 1899. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ síbẹ̀ torí àwọn ọ̀gágun wọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n ń wá ọ̀nà sá, títí kan bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tí wọ́n kàn sábẹ́ òrùlé. Ìtàn yẹn dùn, ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ogun ó tún di ilé ìwòsàn títí di 1996. Ẹ sọ fún amọ̀nà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé ìtàn àwọn aláìsàn ni ẹ bá wá, torí pé bí ẹ kò bá sọ, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wákàtí náà lọ sórí àwọn ọmọ ogun.

Ọkọ̀ ojú irin láti Leipzig dé Grimma, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin èrò kì í dé Colditz. Àwọn yàrá fún àlejò wà nínú odi náà, bí ẹ bá fẹ́ sùn síbẹ̀. Bí ẹ ò bá ní sùn, ẹ ya fọ́tò àkókò bọ́ọ̀sì tó gbẹ̀yìn ní ibùdókọ̀ bí ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí bọ́ọ̀sì kì í pọ̀.